Ègé Kejìlélọ́gbọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aránbàtà yìí ṣe ga tó, kí ó mọ̀ pé òjò a máa pa á tán kí ó tó kan aya rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ogójì ọdún ló fi ń bẹ̀rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ àtẹ́rígbà kò yé kí i níwájú orí. Ó gùn, ó sì lọ́ra. Bí aya rẹ̀ bá pè é sídìí oúnjẹ, á ní, “Mo ń bọ̀.” Ọbẹ̀ á tutù, wọn á tún un gbé kaná, á tún tutù.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ lábẹ́ bàtà, géèmù kékeré kan ni tọkọtaya náà fi ń najú. Aláwọ̀ eérú ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ègé oríṣiríṣi ló ń já bọ́ láti òkè. Èèyàn á yí wọn, á tò wọ́n kí àyè má ṣẹ́ kù; ìlà tó bá kún á parẹ́. Aya ló mọ̀ ọ́n ta. Ọkọ á máa kan ìṣó, aya á jókòó lórí àpótí, á máa pe ègé lórúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n. Méjì nínú wọn dà bí bàtà: ọ̀kan ń jẹ́ òsì, èkejì ọ̀tún. Èyí tó ní orí lórí ọ̀pá ń jẹ́ òòlù. Èyí tó rí wọ́gọwọ̀gọ ń jẹ́ àtẹ̀gùn. Èyí tó fẹ̀ nídìí, tó jẹ́ pé bí o yí i títí, bákan náà ló máa jókòó, ìyá ọkọ ni. Èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí gbogbo ayé ń retí, tí kì í tètè dé, tó sì jẹ́ pé bó bá dé, ìlà mẹ́rin ló ń tán lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni ọkọ mi.

Géèmù náà ní àléébù kan. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tàn án, bákan náà ni àwọn ègé ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Aya ti mọ ìtò yẹn lórí, á sì máa pè wọ́n kí wọ́n tó já: “Òsì, òòlù, ìyá ọkọ, ìyá ọkọ, ẹ kú ìkàlẹ̀ o, mà! Ọ̀tún, àtẹ̀gùn...” Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni yóò pè kí èyí tó gùn tó yọjú. Ibẹ̀ ni yóò ti pariwo pé, “Ọkọ mi dà?” Agùntáṣọọ́lò á dáhùn láìgbójú sókè, “Mo ń bọ̀!” Ègé gígùn á sì já bọ́.

Ó di ọdún mẹ́ta tí aya ti kú. Ọkọ ń ta géèmù náà lọ, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìtò yẹn, àfi lọ́jọ́ kan tí dúdú ran ojú ẹ̀rọ náà bí epo ṣe ń ran aṣọ. Kò sí ẹni tó rí i tún ṣe. Ó fi kọ́ sára ìṣó. Kí oṣù méjì tó pé, ó ṣàkíyèsí pé ìtò náà ń jò kúrò lórí òun. Bó bá pè é dé ìkọkànlá, ó tán. Aya ti lọ, ó ti gbà. Kí ohùn rẹ̀ náà tún wá máa lọ, ìyẹn ni kò gbà.

Tíṣà kọ̀ǹpútà kan ló gbé bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ wá, tó rí ohun tó wà lára ìṣó, tó lọgun.

“Bàbá! Ẹ ní irú èyí? Òun ló jẹ́ kí n kọ́ kọ̀ǹpútà! Èmi tiẹ̀ ti fọwọ́ ara mi ṣe irú ẹ̀, ìfẹ́ ni mo fi ṣe é.” Kíá, ó ti fi sórí fóònù bàbá.

Àwọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, orin náà ń dún. Bàbá nawọ́ sí ọ̀kan. “Bọ́tìnnì wo rèé?”

“Ó ń yí ègé sódì. Òsì á di ọ̀tún.”

Bàbá wò ó bí ẹni rí ajá tó wọ ìbọ̀sẹ̀. “Tí mo bá sọ pé mo ti yí bàtà òsì rẹ yìí di ọ̀tún, ṣé wàá wọ̀ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá!”

“Èyí ńkọ́?”

“Bí ẹ bá ṣì í gbé, ó ń dá a padà.”

“Lẹ́yìn tí mo ti gé awọ tán!”

“Ẹ wo igun yìí náà. Àwọn ègé tó ń bọ̀ ti ń yọjú níbẹ̀.”

“Kò dáa. Àlejò kì í yọjú lójú fèrèsé kó tó kanlẹ̀kùn.”

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ẹ̀fẹ̀ ni. Ó tà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé fóònù sílẹ̀. “Tíṣà, wọn ò tò bákan náà.”

“Àléébù ti àtijọ́ nìyẹn, Bàbá. Mo ti tún un ṣe.”

“Bá mi dá àléébù náà padà.”

Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú bàbá, ó gbé ẹ̀rín mì. “Èmi ò rántí ìtò yẹn mọ́. Ẹ pè é fún mi, màá tẹ̀ ẹ́ sí i.”

Bàbá nawọ́ sí ègé kọ̀ọ̀kan, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, ó wá ń pè é. Ó dé ìkọkànlá, ó há. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Òógùn bò ó.

“Ẹ fi sílẹ̀ ná, Bàbá. Ẹ bá mi kan bàtà mi, mo ní kíláàsì.”

Bàbá gbé bàtà kọ́ ẹsẹ̀ irin, ó fi ìṣó há ẹnu, ó mú òòlù. Kó. Kó. Bí ìṣó àkọ́kọ́ ṣe wọlé, ẹnu tó kún fún ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: “Òsì, òòlù, ìyá ọkọ...” Ìṣó kan, orúkọ kan. Tíṣà rọra ṣí kọ̀ǹpútà inú àpò rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n sí i níkọ̀ọ̀kan. Bàbá kọjá ìkọkànlá láìmọ̀, bí ẹni kọjá ajá tó sùn. Bàtà tí ìṣó mẹ́fà tó fún gba ìṣó mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Títí dòní, bí tíṣà bá ń bọ̀, ẹṣin ni ará àdúgbò ń rò pé ó ń bọ̀.

Òòlù dúró lókè.

“Kí ló kàn, Bàbá?”

“Èyí tó gùn. Èmi ni. Ibẹ̀ ló ti máa ń béèrè mi.”

“Ṣé kí n fi síbẹ̀?”

Ó tu ìṣó tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n. “Má fi síbẹ̀. Jẹ́ kó máa wá nígbà tó bá wù ú. Ayé ìgbà yẹn, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ó tó kí èmi náà dúró.”

Ní ọjọ́ kejì, tíṣà mú géèmù náà padà wá sórí fóònù bàbá. Bàbá kọ́kọ́ gé awọ pẹ́ńpẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo igun tí àwọn àlejò ti ń yọjú. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí àpótí aya rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ègé ń já, ohùn aya rẹ̀ ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ìyá ọkọ méjì jókòó, wọ́n kí wọn kú ìkàlẹ̀. Ó to gbogbo wọn, ó fi àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n balẹ̀.

Ọkọ mi dà?

“Mo ń bọ̀!” Ó wo bàtà tó tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí o. Gọ́ọ̀mù bàtà oníbàtà ò tíì gbẹ.”

Ìyá ọkọ ló já bọ́. Ó sún un sápá ibòmíì, kò jẹ́ kó dí àyè yẹn.