Ọjọ́ Tí Èéfín Igbó Bá Wa ní Yídì

Òórùn igbó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí. Inú gbọ̀ngàn tí a háyà ni àwa Mùsùlùmí Yorùbá ní Chicago ti máa ń kírun ọdún, ọdún kẹfà mi sì nìyẹn tí mi ò fojú kan yídì. Ó ń dùn mí dọ́kàn. Mo ní àfi ká kírun ní gbangba, ní páàkì ńlá kan, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Lèmọ́mù wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Oak Park, bi mí pé, "Ṣé o wádìí ibẹ̀ dáadáa?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Baba, mo ti gba permit." Nítorí pé a ò mọ ìgbà tí oṣù máa lé, ọjọ́ méjì ni mo gbà á fún. Mi ò bèèrè àwọn tó tún gba páàkì náà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i.

Ọjọ́ kejì, Sátidé, ni ọdún bọ́ sí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹní tán ni àwọn kan ń rọ́ dé pẹ̀lú àsíá tí wọ́n ya ewé igbó sí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń péjọ síbẹ̀ láti pariwo pé kí ìjọba má fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí igbó mọ́. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun ń fà á níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀, kò tijú. Ó rí mi lára. Nílé wa, ẹ̀yìn ògiri ni amugbó ń sá lọ. Èéfín bo agbádá funfun wa, itọ́ ẹnu mi korò. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Brother, so this is the yídì tí ẹ ń sọ?" Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Lèmọ́mù kábárà, a wọ ìrun. Ọ̀kan nínú àwọn amugbó náà, ọ̀dọ́kùnrin tí ò wọ bàtà, wá dúró tì mí. Ó ń rùn bí òbúkọ. A tẹ̀, ó tẹ̀. A foríkanlẹ̀, ó gbé iwájú orí lé ẹní mi. Mo dìde, mo tì í ṣubú, mo pariwo pé, "Get off my mat, ẹlẹ́gbin!" Ó ní kí n má bínú, òun kàn fẹ́ bá wa gbàdúrà ni. Ó lọ jókòó sórí koríko, ó káwọ́ lé orúnkún títí wọ́n fi kírun tán.

Lèmọ́mù pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ páàkì ni.

"Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ta ló já ìrun?"

"Baba, ẹ ò rí ohun tí—"

"Gbogbo wa la gbóòórùn ẹ̀. Ta ló já ìrun?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká ẹní mi.

Wọ́n ti ń ta igbó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọ́n ń já rìsíìtì fún un. Ó ṣì ń kó mi nírìíra, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó tẹ́ ẹní ní páàkì lọ́jọ́ náà, èmi tí mo kó wọn wá nìkan ni kò kírun ọdún.