Òpìpì Tó Sàba fún Gbogbo Ilé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì lè dá ìkòkò omi gbé karí, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ń gbé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ìyá mi ń ṣòwò ní Àbíjàn, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí ìyá yín lójú fóònù láràárọ̀, ẹ lè má mọ bó ṣe ń rí. Èmi ò rántí ojú ìyá mi dáadáa. Òórùn aṣọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí mi ni mo mọ̀, mo sì máa ń tẹ imú mọ́ ọn títí òórùn náà yóò fi tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọ ọmọ mi kan ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn, ló bá wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá àgbà, irú adìyẹ wo ni kí n mú?" Kò mọ̀ pé òun ti tú àpò tí mo ti so lẹ́nu tipẹ́.

Ìyá àgbà tèmi fẹ́ràn ẹyẹ ju ohun ọ̀sìn mìíràn lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá gbé àgò kúrò, tí wọ́n sì fọ́n àgbàdo sílẹ̀, ńṣe ni èmi á kàn lanu. Ẹ wo àkùkọ gàgàrà tí ogbe orí rẹ̀ pọ́n bí iná. Ẹ wo ẹtù, tí Ọlọ́run fi ẹfun tò lára tótòtó, tí kò sì fo ibì kankan. Tòlótòló á wú bí olóyè tí wọn ò kí. Adìyẹ kan wà tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́ rárá, òmíràn sì wà tí ìyẹ́ tirẹ̀ ká sókè bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Pẹ́pẹ́yẹ á máa gbọ̀n ìdí kiri. Adìyẹ òyìnbó funfun kan tún wà, irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní àgíríìkì, tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin rà wá láti Ìbàdàn. Mo máa ń ronú pé, ta ló jókòó tó ń rò gbogbo èyí? Ta ló ní kí ti eléyìí ká, kí ti èyí sì tẹ́jú? 

Ọ̀kan ṣoṣo ni kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, òpìpì. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, òpìpì ni adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Apá rẹ̀ gbẹ, àyà rẹ̀ hàn, kò lè fò dé orí ògiri. Bí òjò bá pa á, àánú á ṣe yín.

Àṣà kan wà nílé wa nígbà náà. Bí ọmọ bá ti ń pààrọ̀ eyín, ìyá àgbà á pè é pé kó wá yan ẹyẹ kan láàárín agbo, tirẹ̀ nìyẹn. Òun ni yóò máa bọ́ ọ, òun ni yóò ni ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tẹ̀ lé e. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ògìyán, àwọn ará wa máa ń ti Àbíjàn wá sílé, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í sábà bá wọn wá. Ẹyẹ tí ọmọ bá yàn tí kò bá tíì ní ọmọ nígbà tí wọ́n bá dé, ọbẹ̀ àlejò ni. Ìyá àgbà kì í yí òfin yìí padà fún ẹnikẹ́ni, ẹkún kì í sì í ràn wọ́n.

Lọ́dún tó kàn mí, àwa mẹ́ta ni eyín ń yọ lẹ́nu wa, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi méjì. Èyí obìnrin sáré lọ gbá adìyẹ òyìnbó mọ́ra, nítorí funfun rẹ̀. Èyí ọkùnrin mú ẹtù, nítorí aṣọ ara rẹ̀. Ìgbà tó kàn mí, ojú mi ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbogbo wọn ló wù mí. Ìyá àgbà ní, "Ojú ń tan ènìyàn jẹ. Fọwọ́ sí i lábẹ́ wò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiwọ́ bọ abẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí á ta nípàá, èyí á fi ẹnu ṣá mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan òpìpì, kò mira. Awọ àyà rẹ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ mi láìsí ìyẹ́ láàárín, ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Mo ní èyí ni mo fẹ́.

Háà, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín! Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì á máa tẹ̀ lé e kiri, wọ́n á máa bi í pé, "Òpìpì, ta ló jí aṣọ ẹ?" Àwọn àgbàlagbà náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni yóò fi bo ẹyin. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kì í jẹ́ ká mọ̀. Tèyí, a ó kúkú máa rí i."

Oṣù ń lọ. Adìyẹ òyìnbó ń yé lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ń yan kiri, àfi bí ẹni tó ni ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá ti yé tán, ó ti lọ nìyẹn, kì í wẹ̀yìn wò. Kò mọ ohun tí à ń pè ní sísàba. Ẹtù ń lọ yé sínú igbó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á fi ṣíbí kó o wálé, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá fọwọ́ kan ẹyin náà, ẹtù kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Òun náà kò sì ṣe tán láti sàba. Ọdún ń bọ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Tèmi ò tilẹ̀ tíì yé rárá, mo sì ti ń rí i nínú ìkòkò lójú àlá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a ní igun ilé ìdáná, lórí eérú, pẹ̀lú ẹyin wẹ́wẹ́ mélòó kan. Láìpẹ́ ọjọ́, ó jókòó, kò dìde mọ́. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n wí fún wa pé adìyẹ tó bá fẹ́ sàba a máa fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, kí ara lè kan ẹyin. Wọ́n ní ohun tí àwọn yòókù ń tu ni èyí kò ní láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá ṣe ohun tí mo ṣì ń rò títí di òní. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n kọ́kọ́ tì sí i lábẹ́, nítorí òun ló ń pẹ́ jù kó tó pa. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n fi ẹyin ẹtù sí i. Ọ̀sẹ̀ kan tún kọjá, wọ́n kó ti òpìpì fúnra rẹ̀ tí wọ́n ti gbé pamọ́ padà fún un, wọ́n fi ti adìyẹ òyìnbó kún un, kí gbogbo wọn lè jáde pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n mú ẹyin kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ yí i ká, wọ́n gbé e síwájú oòrùn, wọ́n ní kí n wò ó. Iṣan pupa ló wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi gbòǹgbò koríko, àmì dúdú kan sì ń mì láàárín. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. N kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Àfi bí àwọn ará Àbíjàn ṣe dé ṣáájú ìgbà tí à ń retí wọn! Ọkọ̀ dúró, ìyá mi sọ̀kalẹ̀ tòun ti léèsì lọ́rùn, gbogbo ilé ń hó. Ẹyin kankan ò tíì pa. Mo gbọ́ tí àbúrò ìyá mi ń pọ́n ọ̀bẹ létí odi. N kò dúró kí ìyá mi gbá mi mọ́ra, ilé ìdáná ni mo sáré gbà. Mo kiwọ́ bọ abẹ́ òpìpì, bí mo ṣe kígbe nìyẹn, nítorí ẹyin kan ń kan àtẹ́lẹwọ́ mi láti inú, kó, kó, kó.

Ìyá àgbà wọlé, wọ́n gbé e sétí. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ké sí àbúrò ìyá mi lóde pé, "Gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀! Ọmọ tó ti ń ké lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọlé." Nítorí pé ẹyin olúkúlùkù wà lábẹ́ rẹ̀, òpìpì gba ara rẹ̀ là, ó gba adìyẹ òyìnbó là, ó sì gba ẹtù là. Ẹja gbígbẹ ni àwọn àlejò fi jẹ iyán.

Ìyá mi wá bá wa tòun ti léèsì wọn, wọ́n jókòó sínú eérú. Àwọn ọmọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tútù, wọ́n ń gbọ̀n. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ, ọmọ ẹtù abilà, òròmọdìyẹ funfun àti dúdú. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, n kò ní sọ iye wọn. Òpìpì sì na apá gbígbẹ rẹ̀ yẹn bo gbogbo wọn. Ìyá mi ń pariwo lédè tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún pé, "Mọ́n Díyé! Mọ́n Díyé!" Ọlọ́run mi ni wọ́n ń wí. Wọ́n wá rọra bi ìyá àgbà pé, "Ìyá, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀?"

Ìyá àgbà ní, "Kì í bèèrè."

Ìyá mi wò mí, wọ́n tún wo ìyá wọn tó ń tọ́ mi, omijé sì bọ́ lójú wọn. Mo lọ jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀. Òórùn aṣọ yẹn ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò tán.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi fọwọ́ sí adìyẹ lábẹ́ kó tó yàn, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá àgbà, orí fóònù ni mo ti yàn wọ́n." Wọ́n kó wọn dé láti Ìbàdàn nínú páálí, ẹ̀rọ ló pa gbogbo wọn, kò sí èyí tó mọ ìyá kankan. N kò bú u. Èyí náà yà mí lẹ́nu bí tàtijọ́. Ó tan gílóòbù lé wọn lórí kí wọ́n lè móoru.

Ní òwúrọ̀ ìjẹta, òjò ń rọ̀, wọ́n mú iná lọ. Ọmọ náà sáré jáde lọ wá epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn òròmọdìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ké. Mo wo ọwọ́ mi, awọ rẹ̀ ti hun, ó ti gbẹ bí apá òpìpì. Mo ki ọwọ́ náà bọ inú páálí. Wọ́n sì rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn, láìbéèrè ẹni tí mo jẹ́.