Apá Òsì Méjì

Àwọn oníbàárà ló sọ télọ̀ yìí ní Ó-Ti-Parí. Ẹ̀yin náà mọ àwọn télọ̀, "ẹ padà wá lọ́la" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Tiẹ̀ yàtọ̀: ọjọ́ tó bá dá fún ọ gan-an ni wàá gba aṣọ rẹ. Tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń tẹ maṣíìnì ló ń gbàdúrà sókè, títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Kò sí àdúrà tó mọ̀ tí kò gbà lórí ọkùnrin yẹn, síbẹ̀ ó lọ. Láti ìgbà náà, ó ń lọ sílé ìjọsìn o, ó ń jókòó, ó ń dìde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pèsì jẹ láàárín òun àti Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Màámi, ọmọ dábùú nínú. Wọ́n ti gbé ìyàwó mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ má tíì wá, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé."

Ìyàwó náà ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kí ni kó ṣe? Ó tẹ́ aṣọ oníbàárà kan sílẹ̀, ó gé e ní ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ìyá Oníbọ́tìnnì, àgbàlagbà opó tó ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ó-Ti-Parí, ṣé ọwọ́ òsì méjì ni oníbàárà yìí ní ni?"

Lóòótọ́ ni. Kò ṣẹ́ aṣọ náà po kó lè kọjú síra kó tó gé apá rẹ̀, ni apá méjèèjì bá di ti òsì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ó-Ti-Parí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Ẹ bá mi gbàdúrà, Ìyá, ọmọ mi wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi ò lè gbà á. Tí mo bá tún bẹ Ọlọ́run, tí èyí náà tún lọ ńkọ́?"

Ìyá ò wàásù. Ó mú abẹ, ó ń tú apá kan jẹ́jẹ́.

"Nígbà tí ọkọ tèmi kú, ó pẹ́ kí n tó tún bẹ̀ Ẹ́ ní nǹkan kan. Bó ṣe ń ṣe mí ni mo kàn ń sọ fún Un. Bó ò bá lè bẹ̀bẹ̀, ṣé o ò lè sunkún sí I létí ni?"

Ó-Ti-Parí gbé orí lé maṣíìnì. "Olúwa," ló wí, "ẹ̀rù ń bà mí." Kò rí òmíràn sọ. Kò gbọ́ ohùn kankan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan wá jókòó tini. Ó nu ojú, ó gé apá ọ̀tún, ó sì rán an mọ́ ọn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí fóònù tó dún. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Màámi, a ti bí i o. Obìnrin ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an ní yàrá yẹn. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé láti àárọ̀ lẹ ti ń gbàdúrà."

Omi dà lójú ìyá rẹ̀.

"Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí sọ, ọmọ mi."

"Ó mà tó o, Màámi."