Èsúnsún Ẹ̀yìn Ilé Mi

Ọjọ́ tí ìyá mi gbà láti wá wo ilé tí mo kọ́ sí ojú ọ̀nà Malete, ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ mọ́. Odidi ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú tí àwọn yòókù sì ti kó lọ, òun nìkan ló kù sí apá ọ̀dọ̀ wa nínú agboolé ní ìgboro, lẹ́yìn Ọjà Tuntun, ó sì ti ṣubú ní ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìgbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èsì kan náà ni: "Inú igbó? Kí ejò máa kí mi káàárọ̀?" Ní báyìí, ó ní òun yóò wá lo ọjọ́ mẹ́ta. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun yóò dúró. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí n má dárúkọ Malete sí òun létí mọ́ láé.

Ẹ wá wo wàhálà! Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn yàrá tí mo tọ́jú fún un, ìka mi sì wọlé bí ẹni ń tẹ àkàrà. Ikán ti jẹ inú igi tán, ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ló kù tó dúró. Mo figbe ta. Ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́!

Lẹ́yìn ilé, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, òkìtì ọ̀gán kan wà tó ga jù mí lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo di ẹ̀bi náà rù ú. Mo pe ọkùnrin kan tó máa ń fín oògùn kiri ilé, ó lu ihò sí òkìtì náà lára, ó da oògùn apakòkòrò sí i títí òórùn rẹ̀ fi dé ilé ìdáná mi. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ohunkóhun níbẹ̀ jẹ. Mo gbọ́. Mo ra kọ́tìnì tuntun, mo fi bo férémù, mo sì pinnu pé ìyá mi kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ikán lẹ́nu mi. Bó bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, àbùṣe bùṣe.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú ojú líle. Ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó gbọn bàtà rẹ̀ kó tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òkèté kan sáré kọjá, ìyá mi ní "Subuhanallahi!" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjímèrè kan jókòó sórí fẹ́ǹsì, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí ó fi bẹ́ sílẹ̀. "Ojú tì í," ló wí. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo rí lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, oòrùn tún yọ. Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyá mi láti ẹ̀yìn ilé. Ejò! Mo fa igi ìdáná kan yọ, mo sáré jáde.

Kì í ṣe ejò. Èsúnsún ni! Wọ́n ń tú yááyáá jáde látinú ilẹ̀ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, ìyẹ́ wọn ń dán nínú oòrùn. Awọ́nríwọ́n ńlá kan ti jáde látinú igbó, ó ń lá wọn nílẹ̀, kò ka ẹnikẹ́ni sí. Ìyá mi, àgbàlagbà tó ń rọra gun àtẹ̀gùn, ti tú ìborùn rẹ̀, ó fi ń gbá èsúnsún mọ́lẹ̀, ó ń fò, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

"Gbé bàsíà omi wá! Àbí o fọ́jú ni? Wọ́n ń lọ o!"

Wálàhí, orí mi wú! Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́. Mo ju igi nù, mo gbé bàsíà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. A ń gbá wọn, a ń pariwo, a ń forí gbárí. Bàsíà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdajì nígbà tí ìyá mi já ìyẹ́ ọ̀kan, tó fẹ́ sọ ọ́ sẹ́nu.

Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn oògùn gbá mi nímú.

"Ìyá, ẹ má jẹ ẹ́!" Mo gbá ọwọ́ rẹ̀. Èmi, mo gbá ìyá tó bí mi lọ́wọ́! Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti ikán, ti kọ́tìnì, ti oògùn tí mo dà. Omijé ń bọ̀ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún méjì jẹ́.

"Nítorí ikán?" ló bi mí. "Hábà! Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikán jẹ àjà bàbá rẹ, ó jẹ àpótí tí mo gbé wọlé ọkọ. Ṣé o gbọ́ pé mo kó jáde? Férémù onírin wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n èsúnsún! Láti ìgbà tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ ìgboro, n kò fojú kàn án kó máa jáde báyìí. O wá fi májèlé sí i!"

Inú bí i lóòótọ́. A gbẹ́ ihò, a bo ohun tó wà nínú bàsíà mọ́lẹ̀ kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo di ẹrù rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ó jáde, ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Gbé e wọlé."

"Ìyá, ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí n lọ, kí o tún rí àyè da májèlé? Ibí ni n ó wà títí èsúnsún àmọ́dún yóò fi jáde, kí n rí ẹni tí yóò sún mọ́ òkìtì yẹn."

Mo sáré gbé ẹrù náà wọlé kó tó yí ọkàn padà.