Ọjọ́ Tí Mo Dúró Gbagidi Nínú Òjò

Ní Pọta, ìlú èbúté ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí èèyàn má wulẹ̀ retí pé yóò dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún 1970 ni, ogun ti parí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta péré lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Trans-Amadi, tí mò ń gbé ẹrù, tí mo sì ń júwe ọ̀nà fún dẹ́rẹ́bà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibi tí kò bá gún nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ fojú fò ó.

Òyìnbó mẹ́sàn-án tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú wọn dé ní ká gbé àwọn yí ìlú ká, kí àwọn lè rí i. Ọkọ àti ìyàwó ni púpọ̀ nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà wa jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ìjọ ti etí omi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wo òjò, ó wo àwọn òyìnbó, ó ní, "Dis people no get house? Wetin dem wan see?"

Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀.

"Make dem hear. Na water dem go see."

Omi la sì rí lóòótọ́. A dé èbúté, níbi tí ọkọ̀ ojú omi kan ti dojú dé, tó jẹ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. A dé ibùdó rélùwéè, níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. "Dis na railway," ni mo wí fún wọn, bí ẹni tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi áńkáṣífù nu gíláàsì fèrèsé kí wọ́n lè ríta, èémí wọn sì tún ń bò ó.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ń ṣe bí àlejò. Dìóbù, àdúgbò kan ní Pọta yìí kan náà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti rìn. Nígbà tí ìlú gbóná, kí ìbọn tó dún, wọ́n ní kí àwa tí a kì í ṣe ará apá ibẹ̀ máa lọ, la bá kó padà sí ìlú bàbá mi. Nígbà tí mo wá wáṣẹ́ lẹ́yìn ogun, ọ̀gá òyìnbó tó gbà mí béèrè bóyá mo ti bá àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìyẹn àwọn ará apá ibẹ̀ tó jagun, gbé rí. Àwọn tó ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni ṣáájú mi, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò sì rí i kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni nínú wọn padà. Mo ní n kò dé Pọta rí. Irọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun.

Ọ̀gá yìí kan náà ló kó àwọn àlejò jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní òun gbọ́ pé ilé alájà mẹ́ta kan wà ní Dìóbù tí bọ́ǹbù là sí méjì, kí a lọ wò ó. Mo mọ ilé náà. Iwájú àgbàlá tí wọ́n bí mi sí ló wà. Mo júwe ọ̀nà bí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta yẹn kọ́ ọ.

Bí a ti dé ibẹ̀, àwọn òyìnbó sọ̀ kalẹ̀ láti ya fọ́tò. Mo na agboòrùn ńlá sórí ìyàwó ọ̀gá. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí àgbàlá wa, àmọ́ mo ti rí i: wọ́n ti kó àgbá epo kún inú rẹ̀, ṣọ́jà kan sì dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin kan ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rá ló fi bo orí, ìró rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, egungun èjìká rẹ̀ yọ bí ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Màmá ni.

Ọmọ Ìbò ni Màmá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló kọ́ àgbàlá náà, àwa jẹ́ ayálégbé wọn. Òkúpòrokò, ẹja gbígbẹ òyìnbó, ló ń tà. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, ọyàn ìyá mi wú, ó di egbò, oṣù mẹ́ta ni kò lè gbé nǹkan, Màmá ló sì pọ̀n mí lọ sọ́jà tó ń pọ̀n mí bọ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ṣòfin fún mi: ibikíbi tí mo bá ti rí Màmá, gbígbẹ ni o, ẹrẹ̀ ni o, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yìn rẹ̀ lo gbé, ilẹ̀ lo máa fi kí i." Àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo, "Come see lizard!" Màmá ní tirẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Á pe àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ kí wọ́n wá wò mí, á wá fi Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ ìyá mi sọ pé, "Àyà kò tíì kan ilẹ̀ o!" N óò tún tẹ àyà mọ́lẹ̀ dáadáa, á sì já ẹja sí mi lọ́wọ́.

Ohun tí Màmá ń bẹ ṣọ́jà fún ni pé kó jẹ́ kí òun wọlé hú ìwé ilé. Kí wọ́n tó sá, òun rì í sínú agolo mílíìkì lábẹ́ ààrò. Ọkọ òun ti kú sínú igbó, láìsí ìwé náà, òun kò ní ilé mọ́.

"Mama, every day person dey come say na im house," ni ṣọ́jà wí. Kò pariwo mọ́ ọn. "Who know you for here?"

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí aládùúgbò kankan mọ́. Ìgbà náà ló rí mi.

"Ọmọ mi! Ọmọ ẹ̀yìn mi!" Ó yí padà sí ṣọ́jà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. "Na me back dat one! If na lie, make e stand. If na true, e go lie down for ground now-now. Na so dem people dey do."

Ṣọ́jà wò mí. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, ti Ọ̀yọ́ gan-an.

"Àbúrò, ọmọ Yorùbá ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O gbọ́ ohun tí màmá yìí wí. N kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Bó bá pọ̀n ẹ́ lóòótọ́, o mọ ohun tó yẹ kí o ṣe. Bí o bá ti ṣe é, mo ṣí géètì."

Dẹ́rẹ́bà wa, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, yọ orí lójú fèrèsé. "Lie down now! Abi you dey fear water?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá òyìnbó náà ti gbé kámẹ́rà kúrò lójú, ó ń wò mí.

Mo ti wí fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé agboòrùn ni, pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀, òjò á pa ìyàwó ọ̀gá. Mo ti wí pé kakí iṣẹ́ mi funfun, pé ẹrẹ̀ á bà á jẹ́. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́. Mo rí ojú ọ̀gá, mo rántí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ní kí àwọn yòókù bọ́ sí. Mo dúró gbagidi.

"I no know am," ni mo wí.

"Mo rí i," ni ṣọ́jà wí. "Ọmọ Yorùbá kì í rí ẹni tó pọ̀n ọ́n kó wà lóòró bí òpó iná."

Màmá wò mí pẹ́. Ó wo kakí mi, ó wo àwọn òyìnbó, ó tún wò mí. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó wá sọ fún ṣọ́jà pé, "Sorry, sah. Na resemble I see. My own get scar for leg."

N kò ní àpá kankan lẹ́sẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ mí.

Ìyàwó ọ̀gá béèrè ohun tí obìnrin náà ń fẹ́. Mo ní ebi ló ń pa á. Ó mú bisikíìtì onípáálí kan nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí n fún un. Ọwọ́ mi ni Màmá ti gbà á, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì gba inú òjò lọ. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. Mo padà lọ. Ṣọ́jà ọjọ́ kìíní náà ló wà níbẹ̀. Kó tó lanu, mo ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

"Dìde. Èmi kọ́ ni mo pọ̀n ẹ́."

Kò bú mi. Ó lọ mú ṣọ́bìrì wá, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, ó ṣí géètì. Mo yí àgbá mẹ́rin kúrò nínú ilé ìdáná kí n tó rí ibi tí ààrò wà. Agolo náà ti dípẹtà, àmọ́ ọ̀rá tó fi wé ìwé inú rẹ̀ kò jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Ṣọ́jà kà á, ó dá a padà fún mi. "Wá a lọ. Má padà síbí láìmú un dání."

Mo sáré lọ sí ibùdó lọ́rì. Mo bi àwọn tó ń ta òkúpòrokò, mo bi àwọn alágbàrù. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní, "Dat woman wey hold oyibo biscuit? She don enter lorry since yesterday." Mo ní lọ́rì ibo? Ó ní mẹ́ta ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, òun kò wo èwo ló wọ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà, àmọ́ orúkọ ìlú wọn kò sí níbẹ̀. Láti kékeré mi, Màmá ni mo ń pè é. A kì í bi àgbà ní orúkọ.

Ìparí ọdún náà ni mo gbé agolo náà lọ sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi, mo rọra tì í síwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Kò mọ̀wé, ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa ojú ìwé náà. Mo sọ fún un pé ti Màmá ni.

"O rí i? Ó wà láàyè?" Ó ké pe Olúwa. "O dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Mo ṣì wà nílẹ̀. Ó ní kí n dìde, n kò dìde. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ fún un láti ibi tí mo wà pé mo dúró, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó fi sínú agolo, ó sì tì í padà sí mi níwájú.

"Gbé e padà lọ sí Pọta," ni ìyá mi wí. "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀."