Oògùn Oorun Tí Màmá Alágbàfọ̀ Gbé Mì

Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kunlékunlé ti já bọ́ látorí àkàbà, tó sì forí gbá kọnkéré, Màmá Alágbàfọ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìjókòó mọ́. Kì í kúkú ṣe ẹni tí ìdí rẹ̀ ń gbélẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọsibítù, ó wá le sí i. Á nu tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Á tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀sì ti ká, á tún un ká, á ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ká aṣọ nílé wọn. Ọmọ náà ń mí, ojú rẹ̀ a sì máa là nígbà mìíràn, àmọ́ kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ìyá rẹ̀ lọ́kàn nìyẹn: bóyá ọmọ òun ṣì wà nínú ara yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà ní àwọn fẹ́ dán oògùn kan wò. Màmá ní irú oògùn wo. Dókítà, tí kò tíì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, dáhùn pé oògùn oorun ni.

"Oorun kẹ̀? Ẹni tó ti ń sùn látoṣù tó kọjá, oorun náà lẹ tún fẹ́ fún un?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Nínú àwọn tórí wọn fara pa, oògùn yìí máa ń jí àwọn díẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn. A kàn fẹ́ wò ó ni."

"Ọmọ tèmi lẹ wá fẹ́ fi wò ó."

Nọ́ọ̀sì ti gbé oògùn náà dé nínú ife kékeré, ó fẹ́ lọ̀ ọ́ kó tó dà á sínú rọ́bà tó wọ imú ọmọ náà. Kó tó ṣẹ́jú, màmá ti já a gbà, ó ti jù ú sẹ́nu, ó ti gbé e mì. Ó ní bó bá máa pa èèyàn, kó kọ́kọ́ pa òun. Dókítà káwọ́ lérí. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n dúró tì í. Nígbà tó rí i pé òun ò kú, ó sọ fún wọn, pẹ̀lú ojú tó ti ń wúwo, pé kí wọ́n fún ọmọ náà ní tirẹ̀.

Bó ṣe jókòó nìyẹn o. Obìnrin tí kò rí oorun gidi sùn láti ọjọ́ yìí wá gbórí lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun.

Nígbà tó jí, ọ̀sán ti pọ́n, ọmọ rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà, àfi bó ṣe rí i pé nọ́ọ̀sì ń nu omijé.

"Màmá, ó jí. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì rí yín."

"Ẹ ò wá jí mi?"

"Mo ti nawọ́ sí yín, òun ló dá mi dúró. Ó ní, 'Ẹ má jí màámi. Ó ti rẹ̀ wọ́n.' Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó tún lọ. Dókítà ní a óò tún fún un lọ́la."

Inú bí màmá, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé òun ò ní sùn lọ́la.