Turàrí inú Yàrá Sùfíyánù

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Sùfíyánù, ọmọ ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí àdúgbò Maourey lẹ́yìn odi, rò pé òun ti rí ohun tí òun yóò fi bò ó. Nínú ọgbà ewébẹ̀ létí odò ní Gamkalley ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fa igbó bí wọ́n bá ti ti ìsọ̀ aṣọ tí wọ́n ń tà nírọ̀lẹ́. Bó bá délé, a wọ yàrá, a tilẹ̀kùn, a da turàrí lé ẹyin iná.

Màríámọ̀ ìyá rẹ̀ ń gbóòórùn turàrí, ó ń rí ojú ọmọ tó pọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ta ni kò mọ̀ pé ẹkún àdúà ní í pọ́n ojú olùjọ́sìn? Ààfáà tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéú títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ọmọ ti rọ́pò baba. Ó ròyìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù, Sùfíyánù sì di ààfáà ọ̀sán gangan. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ìyìn ìyá dùn létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, Tọ̀yìbátù aládùúgbò wọn gbé Nùsáybà ọmọ rẹ̀ dé. Ara ọmọ náà ń jó bí iná. Igbó ò sì tíì dá lójú Sùfíyánù.

"Ààfáà kékeré, ẹ bá mi ka àdúà sí omi yìí. Àtàná ni wọ́n ti ní kí n gbé e lọ sí lopítáà, mo ní ọ̀dọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ dé."

Àtàná. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Sùfíyánù lọ́kàn. Nítorí òun ni wọ́n ṣe fi ọmọ sílé.

"Ìyá Nùsáybà, ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí nìyẹn."

Irọ́ ni, irọ́ náà ló sì gba ọmọ là. Ibà ló ń ṣe é, wọ́n fa omi sí i lára, ó yá. Gbogbo àdúgbò ní Sùfíyánù ló rí i lójú àdúà. Tọ̀yìbátù ra ẹ̀wù jàlàbíà funfun wá dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Sùfíyánù kò ti lè dé Gamkalley mọ́, kò sì lè wọ jàlàbíà.

Màríámọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá a ní yàrá. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní níwájú ọmọ tó bí, ó tẹ́ ọwọ́.

"Tọrọ àforíjì fún baba rẹ. Tìẹ ni Ọlọ́run ń gbọ́."

Sùfíyánù gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ àdúà náà. Ẹkún ló jáde, èyí tó jẹ́ ojúlówó.

"Ìyá, igbó ni. Òun ló ń pọ́n mi lójú. Turàrí ni mo fi ń bo òórùn rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan rí."

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní títẹ́ níwájú rẹ̀, bíi pé kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí.